Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá yín: ohun tí àgbélébùú ọrùn ọwọ́ mi kọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló di òní tí wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn akọrin ìjọ wa nítorí tátúù tó wà lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi ò tíì rọlẹ̀ tán, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ló ti ní in lọ́kàn láti kọ àgbélébùú tàbí ẹsẹ Bíbélì sára, ohun tí ìjọ máa sọ lẹ ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Oṣù kejì ọdún yìí ni àbúrò mi ọkùnrin kú. Àwa méjì péré ni màámi bí. Ó gun ọ̀kadà láti Ìjàpọ̀, ó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Arákalẹ̀, níbí ní Àkúrẹ́, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Jòhánù 11:25 ni wọ́n kà níbi ìsìnkú rẹ̀, ibi tí Jésù ti sọ fún Màtá pé òun ni àjíǹde àti ìyè. Ẹsẹ yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo ti rí i lórí fóònù pé àwọn Kristẹni Ijíbítì, àwọn tí wọ́n ń pè ní Coptic, máa ń kọ àgbélébùú kékeré sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì pé ti Kristi ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Ní oṣù karùn-ún mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ya tátúù nítòsí yunifásítì FUTA, mo san ₦25,000, ó ya àgbélébùú sí inú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi, ó kọ Jòhánù 11:25 sábẹ́ rẹ̀.

N ò sọ fún màámi. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ní wọ́n ṣì wà nínú ọ̀fọ̀, kí ara kọ́kọ́ tù wọ́n ná. Mo ra aago tó ní okùn fífẹ̀, mo fi ń bò ó. Tí abọ́ bá wà nílẹ̀ tó yẹ kí n fọ̀, mo máa ní ọwọ́ ń dùn mí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, èmi ni mo ń lé orin. Okùn aago já níbi tí mo ti ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo na ọwọ́ sókè, apá ẹ̀wù akọrin yọ̀ wálẹ̀, mo sì rí i tí alàgbà kan fi ìgúnpá tọ́ ẹnì kejì rẹ̀. N ò dá orin dúró. Lẹ́yìn ìwàásù, pásítọ̀ dárúkọ mi, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e sókè kí ìjọ lè rí i. Wọ́n wá ka Léfítíkù 19:28, pé a ò gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sára wa nítorí òkú, a ò sì gbọ́dọ̀ kọ àmì kankan sí ara.

Mo ti ní èsì nílẹ̀ tipẹ́. Mo mọ̀ pé ẹsẹ 27 tó ṣáájú rẹ̀ ní kí ọkùnrin má gé etí irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn alàgbà wa sì ń fá tiwọn mọ́lẹ̀. Mo mọ Aísáyà 49:16, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun ti kọ Síónì sí àtẹ́lẹwọ́ òun. Àmọ́ bí wọ́n ṣe pe “nítorí òkú” yẹn, ẹnu mi di. Nítorí òkú ni mo ṣe ṣe é lóòótọ́. Àbúrò mi ni òkú náà.

Pásítọ̀ tún wo ọwọ́ mi, wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: Jòhánù 11:25. Kò sí ẹni tí ò mọ ẹsẹ yẹn nínú ìjọ. Kò tíì pé oṣù méje tí wọ́n kà á lórí òkú àbúrò mi. Mo wo ibi tí màámi jókòó sí, ìjókòó kẹta lápá òsì. Wọ́n fi ìbòrùn bojú, wọ́n dìde, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lẹ́yìnkùlé. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Èmi tí mo bí i, n ò rí ibi kọ ọ́ sí lára. Ìwọ rí ibi kọ ọ́ sí, o wá ń fi pamọ́ fún mi.” Mo kúnlẹ̀, n ò rí nǹkan sọ. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n dà á padà sínú àtẹ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á látìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá yín. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti dàgbà. Ọmọ ọdún 31 ni mí, èmi ni mo ń san owó ilé tí èmi àti màámi ń gbé ní Òkè-Àró. Kì í ṣe pé mo ń gbàṣẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bínú, inú ilé ni wọ́n máa ti bínú, láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ ka Bíbélì yín kí abẹ́rẹ́ tó kàn yín. Àwọn kan gbà pé òfin Mósè fún Ísírẹ́lì ni, kí wọ́n má baà máa ṣọ̀fọ̀ bíi ti àwọn abọ̀rìṣà tó yí wọn ká. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Kọ́ríńtì Kìíní 6:19, pé ara wa tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Pọ́ọ̀lù ní Róòmù 14 sì ní kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lójú ní ọkàn rẹ̀. Èmi ṣì gbà pé n ò dẹ́ṣẹ̀. Ìyá màámi, ọmọ Òǹdó, ní ilà kọ̀ọ̀kan gbọọrọ lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n sì fín orúkọ bàbá wọn sí apá. Ìyá Ìjọ ni wọ́n títí wọ́n fi kú, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde kúrò níjòókòó. Mo sọ èyí fún màámi láti fi gba ara mi sílẹ̀. Èsì wọn ni pé, “Ìyá wọn ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fín in fún wọn.” Ẹ ò rí i pé ibi kan náà la tún padà sí.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ má ṣe é nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì tutù. Ká ní mo dúró dìgbà tí ọdún yípo, bóyá ǹ bá tiẹ̀ ti mú màámi dání lọ.

Ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ tuntun ni, kí wọ́n tú u lójú yín, torí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) àti kòkòrò HIV ń gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹni tí àpá bá máa ń wú lára rẹ̀ kó má dán an wò rárá. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin kékeré tí ẹ ń bi mí níbi tí mo ti ṣe é, n ò ní júwe rẹ̀ fún yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba ilà tàbí tátúù lára ọmọdé. Àti pé mo mọ àwọn ìyá yín.

Ìjà náà ti parí. Alàgbà kan dá sí i, pásítọ̀ pè wá, wọ́n ní kò yẹ kí àwọn ka ọwọ́ mi síta báyẹn, wọ́n bẹ màámi, èmi náà bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n padà sáàárín akọrin.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá, màámi ní kí n gbé ọwọ́ wá. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á. Wọ́n ní kí ló dé tí orúkọ àbúrò mi ò sí níbẹ̀. Mo ní ẹsẹ yẹn ni orúkọ rẹ̀ lójú tèmi. Wọn ò fèsì. Wọ́n di ọwọ́ náà mú títí tí wọ́n fi mú iná lọ, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn.