Owó wọlé lójú ìyá mi

Alhamdulillah! Ọjà Ọba, Ìlọrin, ni èmi àti ìyá mi wà lọ́sàn-án òní tí álàátì báǹkì fi wọlé. Wọ́n wò mí lójú: "Ta ló san án?"

Mo jókòó ti igbá wàrà wọn, mo ṣàlàyé. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì kéékèèké ni mo ní: ọ̀kan fún aṣọ òfì, ọ̀kan fún iṣu àti ẹ̀gẹ́, ọ̀kan fún àwọn tó ń múra ìdánwò JAMB. Google ń fi ìpolówó síbẹ̀ nípasẹ̀ AdSense, ètò rẹ̀ tó ń fún oníwẹ́ẹ̀bùsáìtì ní ìpín nínú owó ìpolówó. Bí owó bá ti pé $100, wọ́n á san án láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìkankan nínú àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì yìí tó lè dá bọ́ mi. Àpapọ̀ wọn ló ń san owó ilé, tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mi ò ní ọ̀gá, inú mi sì dùn sí i gan-an ni.

"Bíi ti ata, iyọ̀ àti ẹja tí ìyá àgbà rẹ ń pàtẹ nìyẹn. Bí ọ̀kan ò tà, èkejì á tà."

Wọ́n wá ní ṣé mo ti kọ nípa wàrà? Rárá o. Alẹ́ yìí la fẹ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n má gbàgbé ewé bọmubọmu, torí òun ló ń jẹ́ kí wàrà dì.