Òkúta Ńlá Kì í Ṣe Àpáta: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ọ̀nà

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo bu ọwọ́ lù lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà orí òkè, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn o. Mo kọ ọ́ pé a ti kan àpáta, ìyẹn òkúta tó jẹ́ ara òkè gan-an lábẹ́ ilẹ̀, mo fi déètì sí i, mo lọ sùn.

Ọ̀nà US 34 ni, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, èyí tó gun òkè láti Loveland lọ sí Estes Park. Òun àti Odò Big Thompson ló jọ ń du àyè tóóró kan láàárín ògiri òkè méjì. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, odò kún, ó sì gbé ọ̀nà náà lọ níbi púpọ̀. Abẹ́ ló ti jẹ ẹ́. Omi fa ilẹ̀ tí wọ́n kó dà sábẹ́ ọ̀nà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀dà ojú títì fi nà gbọnrangandan sójú òfuurufú láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Béèyàn bá wò ó láti òkè, á rò pé ọ̀nà ṣì wà.

Wọ́n sáré tún un ṣe, ọkọ̀ sì ń kọjá kí oṣù Kọkànlá ọdún yẹn tó parí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí lórí ìyẹn. Àwọn èèyàn há mọ́ orí òkè. Ṣùgbọ́n àtúnṣe pàjáwìrì ní àléébù kan: tí ọkọ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ kù. Ẹ tètè kọ ohun tó kù sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù omi ṣì wà lọ́kàn gbogbo èèyàn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe gidi wá délẹ̀, mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹnì kan sọ pé kí á dá ọ̀nà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí á sì lọ sílé. Ibẹ̀ yẹn náà ni omi ti gbé e ní ọjọ́ 31, oṣù Keje ọdún 1976, nígbà tí òjò alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo pa èèyàn 144 nínú àfonífojì náà. Wọ́n tún un ṣe, omi tún padà wá. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa onílé yìí la fẹ́ gbà fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ká sún ọ̀nà kúrò lẹ́nu odò níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ká sì gbé ọwọ́ ọ̀nà tó sún mọ́ òkè lé orí àpáta gan-an. Bí odò bá gbé ọwọ́ kejì lọ, ọkọ̀ panápaná á ṣì ríbi gbà. Níbi kọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní Horseshoe, ńṣe ni wọ́n fọ́ ara òkè kí ọ̀nà lè ráyè wọlé.

Ibẹ̀ ni irọ́ mi ti wọlé. Ẹ̀rọ tó ń lu ihò wọlẹ̀ bíi mítà mẹ́rin, ó kan ohun líle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìyẹ̀fun funfun ń tú jáde. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ na àtàǹpàkò sí mi. Èmi náà kọ ọ́: àpáta. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ dán irin tuntun wò, wọ́n bá lu ihò míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin jẹ òkúta náà fún mítà kan lé díẹ̀, ló bá já ṣòòrò. Ohun tó gbé jáde ni yanrìn odò, tútù, pẹ̀lú òkúta róbótó róbótó. Òkúta tó tóbi bí ọkọ̀ ni mo pè ní àpáta, ìkún omi àtijọ́ kan ló yí i wá síbẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Orí rẹ̀ là bá gbé ọ̀nà lé.

Nítorí náà, ẹ má gba ìró ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ lù ú wọlé tó mítà mẹ́ta láì kan yanrìn kí ẹ tó pè é ní àpáta. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fa òpó òkúta náà jáde kí ẹ fojú rí i, kí ẹ sì fi ìlà ara rẹ̀ wé ti ògiri òkè. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ fura.

Ní ti òkúta tí a ń tò sétí odò kí omi má baà jẹ abẹ́ ọ̀nà, bó ṣe yẹ kó tóbi tó ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Bó ṣe jìn tó ló ń dà mí láàmú jù. Èyí tẹ́ ẹ bá tò sórí ilẹ̀ odò lásán, odò á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, á sì yí dànù. Ẹ gbẹ́ kòtò kọjá ibi tẹ́ ẹ ṣírò pé omi lè gbẹ́ dé, kí òkúta bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Onígun ni kó jẹ́, kí wọ́n lè há mọ́ra wọn. Kí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á máa gba àárín wọn fa iyẹ̀pẹ̀ jáde láì sẹ́ni tó mọ̀.

Ìgbà òtútù la ṣe èyí tó pọ̀ jù, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 di oṣù Karùn-ún ọdún 2017, torí odò máa ń fà nígbà náà. Tí yìnyín bá yọ́, odò á tún kún, ó parí. Kọnkéré ò fẹ́ràn òtútù, a ń fi aṣọ nípọn bò ó bí ọmọ tuntun. Ọ̀nà wà ní títì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nìkan ló ń kọjá pẹ̀lú ìwé àṣẹ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má fún irú wọn ní àsìkò tí ẹ ò lè pa mọ́. A pẹ́ lọ́jọ́ kan péré, wọ́n sì ń rán mi létí rẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n nínú rẹ̀. Ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn yín ò ní rí nǹkan kan àfi ọ̀dà. Fọ́tò òkúta tó tàn mí jẹ yẹn ń bẹ nínú fáìlì, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: KÌ Í ṢE ÀPÁTA.