Àjàlá Onírù Pupa: Odídẹrẹ́ Wa Nínú Motorhome

Ẹni tó bá ní odídẹrẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ fi motorhome, ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ìdáná nínú, gbé e kọjá òkun, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé kó tó wá ohunkóhun. Àwọn èèyàn wa tó ń bi mí léèrè, ọ̀rọ̀ kéèjì àti oúnjẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kéèjì kò le. Oúnjẹ kò le. Ẹnubodè ni iṣẹ́ wà.

Kent ni à ń gbé, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ, àti Àjàlá. Àjàlá ni odídẹrẹ́ wa, aláwọ̀ eérú tó ní ìrù pupa, irú èyí tí ìkóódẹ ti ń jáde. A fi orúkọ Ọlábísí Àjàlá sọ ọ́, ọmọ Yorùbá tó gun Vespa káàkiri ayé láyé àwọn bàbá wa. Orúkọ a máa ro ọmọ lóòótọ́, torí ẹyẹ yìí fẹ́ràn ọkọ̀ ju àwọn ọmọ mi lọ. Àwọn ọmọ á máa béèrè pé ṣé a ò tíì dé ni. Àjàlá á dúró lórí igi rẹ̀, á máa wo títì, á máa súfèé.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní ká máa fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí yóò bá wa tọ́jú rẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ lè lo ọdún 40 sí 60 lọ́wọ́ èèyàn, ọgbọ́n rẹ̀ sì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg fi ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà láti 1977 títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007, mọ àwọ̀, ó mọ ìrísí nǹkan, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Ẹyẹ tó gbọ́n tó báyìí mọ̀ bí wọ́n bá pa á tì. Ìnìkanwà a máa mú kí ó fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu títí àyà rẹ̀ yóò fi di ìhòòhò. Ibi tí a bá ń lọ ni Àjàlá ń lọ.

Ó dára, ìwé wo? Ní 2016, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè gbé odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú sí Àfikún Kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ẹ̀dá tí òwò lè pa run. Òfin náà múlẹ̀ ní oṣù Kìíní 2017. Àwọn tó ń fi àtè àti àwọ̀n kó wọn nínú igbó ló fà á, pẹ̀lú àwọn igi ńlá tí à ń gé, tí ẹyẹ kò fi rí ihò yé ẹyin sí mọ́. Ní Gánà nìkan, àwọn olùwádìí rí i pé èyí tó kù kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nítorí náà, odídẹrẹ́ tó bá fẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé inú pálọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ Yúróòpù, a kì í ka Faransé sí ẹnubodè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2021, ó ti di ẹnubodè gidi.

Ọ̀tọ̀ ni ìwé CITES, ọ̀tọ̀ ni ti ìlera. APHA, àjọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ìlera ẹran àti ewéko, ló ń fún wa ní ti CITES, Bristol ni ẹ̀ka náà wà. Èèyàn lè máa gba ìwé ìkójáde níbí àti ìwé ìkówọlé lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń lọ, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ń rìn bíi tiwa, personal ownership certificate ló bá a mu, ìwé tó jẹ́rìí pé ẹyẹ yìí jẹ́ ti lágbájá, kì í ṣe ọjà. Ọdún 3 ló ń lò, èèyàn sì lè fi wọlé kó fi jáde léraléra. Ẹ wo ayé: èmi tí mo ní páàsìpọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 90 nínú 180 ni wọ́n fún mi láyè láti fi rìn ní Yúróòpù.

Wọn kò ní fún yín ní ìwé náà bí ẹyẹ yín kò bá ní òrùka ẹsẹ̀ tí kò ṣeé bọ́ tàbí microchip nínú ara, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ ni ẹ gbà ní in. Ibẹ̀ ni ìwé Article 10, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí wọ́n lè ta irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wa ti wúlò. Odídẹrẹ́ tí kò ní ìwé yẹn, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn ní ká má dààmú ara wa, òun á bá wa ra òmíràn lọ́jà, a ó sì gbé e wá nínú báàgì. Mo ní kó jọ̀ọ́. Yúróòpù ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ òwò ẹyẹ igbó láti 2005, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin àìlópin ní 2007. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú odídẹrẹ́ nínú báàgì, ẹyẹ lọ, owó lọ, ó sì tún lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù.

Ìwé ìlera, nítorí fúlúù ẹyẹ ni. Ẹyẹ ọ̀sìn tó ń bá olówó rẹ̀ wọ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 5 lọ, wọ́n sì la ọ̀nà mélòó kan sílẹ̀. Èyí tí àwa yàn ni ìdáwà ọjọ́ 30 kí a tó gbéra: ẹyẹ náà kò ní fara kan ẹyẹ mìíràn, dókítà ẹran tí ìjọba fọwọ́ sí yóò máa mójú tó o, yóò sì buwọ́ lùwé níkẹyìn. Yàrá àlejò la fi ṣe é. A ti fèrèsé pa torí àwọn ẹyẹlé, a gbé rédíò sí i nídìí. Ìyàwó mi ní ìsémọ́lé Kòrónà tún padà dé. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, ìlú tí oríkì rẹ̀ kì í pé láìdárúkọ odídẹrẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì yà wọ́n lẹ́nu púpọ̀. "Bàbá Tólú, ṣé ẹyẹ ló ń lọ ni, àbí aṣojú ìjọba?" Ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n gbàdúrà fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra: "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire."

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fóònù bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Ọ̀kan sọ fún wa lórí fóònù pé kò séwu. Ní èbúté, wọ́n ní ajá, ológbò àti ferret nìkan ni àwọn ń gbé. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹnubodè ni àwọn aṣọ́bodè ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé CITES. Bí ẹ bá gba ibi tí wọn kì í ti í lù ú, ìwé yẹn kò ju bébà lásán lọ. Ẹ gba òǹtẹ̀ nígbà ìjáde, ẹ tún gbà á nígbà ìpadàbọ̀. Aṣọ́bodè tó lu tiwa sún mọ́ kéèjì láti wo nọ́ńbà òrùka, Àjàlá sì fi ohùn ìyá ìyàwó mi kí i: "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ẹ má kó èso rẹpẹtẹ. Ápù àti gíréèpù kì í ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Yúróòpù láìní ìwé ìlera ewéko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ òyìnbó, àgbọn, déètì àti durian ni wọ́n yọ̀ǹda. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Àjàlá ń jẹ kọjá òkun, a ó sì ra ìyókù ní ọjà àkọ́kọ́ tí a bá kàn ní Faransé.

Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìdáná ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Láti ibi sítóòfù dé ibi ẹyẹ kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Fráìpáànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, PTFE ni wọ́n fi bo inú rẹ̀. Bó bá gbóná kọjá ààlà, atẹ́gùn olóró tí èèyàn kò lè rí ń jáde lára rẹ̀, ẹyẹ á sì jábọ́ láti orí igi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ṣàn gba inú ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kọjá láìdúró, kì í ṣe bíi tiwa tó ń wọlé tó tún ń gba ibi tó wọlé jáde, nítorí náà májèlé tètè ń mú un. A ti kó gbogbo irú páànù bẹ́ẹ̀ kúrò. Ìkòkò irin la ń lò, a sì so ẹ̀rọ tó ń pariwo bí carbon monoxide bá wà mọ́ ara ògiri. Sẹ́ǹtì, oògùn ẹ̀fọn, òórùn dídùn oníná, kò sí èyí tó ń wọ ọkọ̀ wa. Ata díndín, ìta ni. Ìyàwó mi din ata ní ọgbà ìpàgọ́ kan ní Normandy, àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń wúkọ́, lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwo wá.

Nínú igbó, ẹyìn wà lára ohun tí odídẹrẹ́ fẹ́ràn jù lọ. Àwọn Òyìnbó tó ń sin ín mọ̀, wọ́n ń ra epo pupa fún un nínú ìgò kékeré lówó gọbọi. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Nínú kẹ́ẹ̀gì tiwa la ti ń fi díẹ̀ sí ìrẹsì rẹ̀. Píà (avocado), ṣokoléètì àti kọfí, májèlé ni fún un. Ohun tó tún dára nínú ìrìn àjò ni oòrùn. Odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú tètè máa ń ṣàìní kálísíọ̀mù, oòrùn tó bà lé e tààrà ló sì ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lo èyí tó bá jẹ. Èyí tó gba inú gíláàsì wọlé kò ṣe é. Ní ọ̀sán, a ó gbé kéèjì síta, a ó fi aṣọ bo ìdajì rẹ̀ kí ó lè yan òjìji bó bá wù ú. Bó bá máa jáde nínú kéèjì, ìjánu gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹ́ tí wọ́n gé. Afẹ́fẹ́ tó lágbára lè gbé ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kọjá odò.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, kéèjì kékeré ni, bẹ́líìtì ìjókòó la fi dè é, a kì í fi ohun ìṣeré tó ń mì síbẹ̀. Omi á dànù, nítorí náà kùkúńbà tí a gé ló máa ń jẹ lọ́nà títí a ó fi dúró. Ẹ múra sílẹ̀ fún eruku: ìyẹ́ rẹ̀ ń dà á bí àtíkè, ibùsùn, ìwé, àti tíì pàápàá. Ariwo ńkọ́? Àjàlá ti kọ́ ìró tí ọkọ̀ wa ń ké bó bá ń padà sẹ́yìn. Ní Brittany, ọkùnrin kan fò kúrò lórí àga rẹ̀ tòun ti ife kọfí, ó ń wá ọkọ̀ tó fẹ́ gùn ún mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkọ̀ ló dúró jẹ́ẹ́.

Bí ìwé bá sú yín, Wales àti Scotland wà níbẹ̀, ẹ kò nílò ìwé kankan láti gbé ẹyẹ yín débẹ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹyẹ lè mọ ọkọ̀ kí ẹ tó náwó sórí dókítà. Ẹ má kàn rò pé Belfast rí bákan náà o: ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Àríwá Ireland, ìwé CITES ni wọ́n ń béèrè.

Pọ́túgàlì ló wà lọ́kàn wa fún ìgbà òtútù yìí. Yàrá àlejò ti ṣófo, dókítà ti fún wa lọ́jọ́, àwọn ọmọ sì ti ń jà lórí ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ wọlé fún ẹlẹ́wọ̀n.