Bàtà olókùn ló dá mi dúró ní Kyoto

Ibi márùn-ún ni mo kọ sílẹ̀ pé màá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Kyoto, ní Japan. Mẹ́ta ni mo dé. Òjò kò rọ̀, ọkọ̀ kò bàjẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ mi ló fà á.

Fushimi Inari, ojúbọ òrìṣà Inari, ni mo kọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ẹ jí lọ síbẹ̀ o. Wọn kì í tì í, wọn kì í gbowó ìwọlé, tó bá sì fi máa di aago mẹ́sàn-án, èrò á ti fún ara wọn pa. Inari ni òrìṣà ìrẹsì àti òwò lọ́dọ̀ wọn, àwọn oníṣòwò ló sì ń fi àwọn ẹnu ọ̀nà onígi aláwọ̀ osùn tó wà níbẹ̀ tọrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí gun orí òkè. Tí ẹ bá ń gòkè, òpó lásán lẹ máa rí. Ẹ wẹ̀yìn wò: orúkọ ẹni tó tọrẹ àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e nàró ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Bí àga ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ṣe rí nìyẹn.

Níbẹ̀, wọ́n máa ń tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbé àtẹ́wọ́ yẹn dé tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà bíi tèmi. Wọn kì í pa á níbẹ̀.

Ó wá di Ryoan-ji, tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà kan, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kó tó wọlé. Bàtà olókùn tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ni mo wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń tú okùn, èrò ń tò sẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bọ́ ọ tán, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti yọrí nínú ìbọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà kan rí i, ó yára gbójú sápá ibòmíràn. Ẹ wọ bàtà tí ẹsẹ̀ kàn lè yọ nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ìbọ̀sẹ̀ yín wò nílé.

Ìtìjú yẹn ni mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi tó dojú kọ ọgbà òkúta wọn. Òkúta 15 ló wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí wọ́n fi òòyà fa ìlà sí. Mo kà á, 14. Mo sún, 14 náà ni. Bí ọ̀kan ṣe ń yọ lòmíràn ń sá pamọ́. Wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó. Kinkaku-ji, tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi wúrà bò lára, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ síbẹ̀, n kò dé ibẹ̀, kò sì dùn mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Gion, àdúgbò àtijọ́ kan ní Kyoto. Ẹ fi fóònù sápò tẹ́ ẹ bá dé ojú ọ̀nà tó jẹ́ ti onílé; ìtanràn 10,000 yen ni wọ́n kọ sára pátákó fún ẹni tó bá ya fọ́tò. Mo gbọ́ ìró bàtà igi lẹ́yìn mi, kó, kó, kó. Ọmọge kan tó wọ kimono kọjá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn kan, ó yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà rẹ̀, ó wọlé. Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá.