Ẹ ka ẹsẹ̀ táńkì kí ẹ tó kọ "Jámánì" sábẹ́ fọ́tò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa nídìí títo fọ́tò Ogun Àgbáyé Kejì, mo ti wo iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Gbogbo táńkì ogun tó ní àgbélébùú lára lẹ ti sọ di ti Jámánì, títí kan ti Ròmáníà. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ ka àwọn táyà irin tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, èyí tí àwa ń pè ní ẹsẹ̀. R-2, tí Ròmáníà rà 126 rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Škoda, ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. T-38, ìyẹn Panzer 38(t) tí Jámánì fún wọn ní 1943, ẹsẹ̀ ràgàjì mẹ́rin ló ní. R-35 tó ti Faransé wá, márùn-ún. TACAM T-60, tí wọ́n fi táńkì tí wọ́n gbà lójú ogun lọ́wọ́ àwọn Soviet ṣe, tí wọ́n sì gbé àgbá 76.2 mm lé lórí, mẹ́rin ni tirẹ̀. Ẹni tó pe ìyẹn ní SU-76 kò ka nǹkan kan, torí SU-76, ọkọ̀ ogun ti Soviet, ní mẹ́fà.

Èkejì, àmì ní ìgbà tirẹ̀. Láti 1941 ni àgbélébùú Mihai, ọba Ròmáníà, ti wà lára ọkọ̀ wọn: lẹ́tà M mẹ́rin tó kẹ̀yìn síra, tí etí apá rẹ̀ fi fẹ̀. Ti Jámánì gún gbọnrangandan. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹjọ 1944, Mihai ní kí wọ́n mú Antonescu, olórí ìjọba wọn, Ròmáníà kọjú ìbọn sí Jámánì, àgbélébùú yẹn sì lọ. Ìràwọ̀ funfun ni ẹ máa rí lára àwọn táńkì wọn tó jagun dé Czechoslovakia ní 1945. Ọ̀kan nínú yín rí ìràwọ̀ yẹn lára R-35 tí wọ́n pààrọ̀ àgbá rẹ̀ sí 45 mm. Táńkì Faransé, àgbá Soviet, ọmọ Ròmáníà ló jókòó sínú rẹ̀, ẹ wá kọ Amẹ́ríkà sí i, torí pé Amẹ́ríkà náà lo ìràwọ̀ funfun!

Ẹ̀kẹta ni ti àwọ̀. Fíìmù kan wà láyé ìgbà yẹn tí kì í rí pupa: pupa á dúdú, búlúù á funfun, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ inú fọ́tò. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, àmọ́ ó ti mú mi rántí ìwé kan, inú mi ò sì tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwé náà.

Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ ìwé náà gbé àpótí fọ́tò kan fún wa nígbà tí èmi náà ṣì wà nípò tí ẹ wà. Táńkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà nínú rẹ̀, ó dúró láàárín pápá gbígbẹ, eruku ti bo àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kan tó dé akoto dúró tì í. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ "Don, 1942" sẹ́yìn rẹ̀; odò kan nílẹ̀ Soviet ni Don. Mo kọ ọ́ pé: R-2, Divizia 1 Blindată (ẹgbẹ́ ọmọ ogun táńkì), Ròmáníà. Ọ̀gá olóòtú fa igi lé e, ó fi 6. Panzer-Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun táńkì ti Jámánì, rọ́pò rẹ̀.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1941 ni àwọn yẹn gbé irú táńkì yìí lọ sí apá Leningrad àti Moscow, kí ọdún náà sì tó parí ló ti bàjẹ́ tán lọ́wọ́ wọn. Kí ló gbé e dé Don?" Ó ní ẹni tó kọ pẹ́ńsù lè ṣì í. Mo ní kó wo akoto: irú ti àwọn ará Netherlands tí Ròmáníà rà ni, kò jọ ti Jámánì rárá. Ó ní òjìji ni mò ń kà. Ó ní ara táńkì náà ti Jámánì ni. Mo ní Jámánì fúnra rẹ̀ fún Ròmáníà ní 26 irú rẹ̀ ní 1942. Àǹkárá kan náà ni Jámánì, Slovakia, Bulgaria àti Ròmáníà jọ rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ là ń wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo dé Ròmáníà?"

Wọ́n tẹ ìwé náà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan tó mọ ogun Ròmáníà dunjú: akoto, Don, ọdún, gbogbo ohun tí mo wí ló tò síbẹ̀. Ọ̀gá fèsì pé àwọn ọmọ tó ń to fọ́tò ló ṣi iṣẹ́ ṣe. Wọn ò pè mí sí ìwé kejì. Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ "máà bínú" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé orúkọ lásán ni mò ń jà lé. Ní Oṣù Kọkànlá 1942, àwọn ọmọ Divizia 1 Blindată fi àgbá 37 mm ko T-34, táńkì ńlá ti Soviet, lójú lẹ́bàá Stalingrad, púpọ̀ nínú wọn ò sì padà wálé. Ẹ tún wo Odessa, ìlú kan ní Ukraine. Àwọn ọmọ ogun Ròmáníà ló gba ìlú náà ní Oṣù Kẹwàá 1941, àwọn ló sì pa àwọn Júù ibẹ̀ nípakúpa láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá kọ Jámánì sábẹ́ fọ́tò táńkì wọn níbẹ̀, ẹ ti bá wọn gbé ẹ̀bi wọn fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Mo ti dá gbogbo fọ́tò náà padà sínú fáìlì yín. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ẹsẹ̀, irú akoto, àti ohun tó wà lẹ́yìn ìwé fọ́tò, kí ẹ tó dárúkọ orílẹ̀-èdè kankan. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ kọ "a ò tíì mọ̀" síbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa kà á.