Ọdún Tí Ikọ́ Ife Gbé Lọ

Bí a bá ní kí n ka ohun tí mo ṣe láti oṣù Ṣẹrẹ títí di oṣù Igbe, n kò ní rí nǹkan gúnmọ́ sọ, nítorí pé ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ fún mi ní alẹ́ kan nínú oṣù Èbìbí, tí òógùn mú aṣọ ìbùsùn mi rin gbindingbindin, tí ìyàwó mi sì jí mi kí n pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé kíndìnrín àbúrò mi ni mo fi ń gbé ayé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ilé-ìwòsàn kékeré tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ibà ni. Nígbà tí oògùn ibà kò ràn án, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ báyìí, mo sì ń rù. N kò wúkọ́ rárá, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú kan ikọ́ ife. Dókítà kíndìnrín mi ló fi ìka tọ ọrùn mi lọ, tí ó dúró lórí kókó kan lápá òsì, tí ó tún un tẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa inú kókó náà, wọ́n sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ GeneXpert, èyí tó máa ń sọ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì bóyá kòkòrò ikọ́ ife wà níbẹ̀, àti bóyá rifampicin, oògùn pàtàkì tí a fi ń pa á, ṣì ká a. Ó wà níbẹ̀. Oògùn sì ká a.

Àbúrò mi sunkún, ó rò pé kíndìnrín òun ló gbé àrùn wá. Dókítà ṣàlàyé fún un pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn àgbáyé ni kòkòrò yìí wà lára wọn, tí ó ń sùn. Ó ṣeé ṣe kí ó ti wà lára mi láti kékeré. Tacrolimus àti àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mi kọ kíndìnrín náà ló rẹ àwọn ọmọ-ogun ara mi sílẹ̀, tí kòkòrò fi rí àyè jí. Mo ní, “Àbúrò mi, ohun tí o fún mi ni mo fi wà láàyè gbọ́ ìròyìn yìí.”

Ìtọ́jú gan-an bà mí lẹ́rù ju àrùn lọ. Rifampicin tó ń pa kòkòrò náà máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ tacrolimus dànù. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi já láti 7 sí 2 lọ́sẹ̀ kejì, creatinine mi, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa yọ dànù, sì gòkè láti 1.2 sí 1.9. Mílígíráàmù 2 tacrolimus tí mo ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ di 6. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n ti kíndìnrín kì í ṣe ọ̀fẹ́; owó tí ẹ̀yin òǹkàwé dá ló dí àlàfo yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, mo máa ń fi oògùn àárọ̀ sínú àpò àyà, nítorí pé wákàtí méjìlá gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn ti alẹ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́ ni mo ń gbé e mì, tí òwú ṣì wà lápá mi.

Àwọn kan nínú ẹbí ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Ó dùn mí. Ikọ́ ife inú kókó ọrùn, tí kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í ràn.

Tíṣà, ẹni tí a jọ máa ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí n tó gba kíndìnrín àbúrò mi, ṣe irú àìsàn yìí ṣáájú mi. Òun ló kọ́ mi pé kí n kọ aago oògùn sára ilẹ̀kùn. Ó lọ nínú oṣù Ògún. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn: 7 àárọ̀, 7 alẹ́.

Kókó ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, creatinine ti padà sí 1.4, oògùn ikọ́ ife mẹ́rin ti di méjì. Oṣù mẹ́sàn-án ni dókítà fẹ́, kì í ṣe mẹ́fà tí wọ́n sábà máa ń lò ó, èyí tí yóò parí ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà bí Ọlọ́run bá fẹ́, nítòsí ọjọ́ kẹrìnlélógún tí Robert Koch kéde kòkòrò yìí lọ́dún 1882. N kò tíì jẹ́ kí àbúrò mi ra aṣọ ìdúpẹ́. Ọjọ́ Ajé ni àyẹ̀wò tó kàn.