Àyẹ̀wò Ọdún: Ibi Tí Àkókò Ń Bá Lọ Nínú Ìdíje Kàátì Ọlọ́pọ̀ Wákàtí

Ọdún ti ń parí lọ, òtútù ti mú àwọn pápá kàátì, ìyẹn ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tó àsìkò láti tú àpótí irinṣẹ́ palẹ̀ ká wo ohun tó kù níbẹ̀. Ìdíje tí à ń sọ ni èyí tí awakọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń pín kàátì kan ṣoṣo wà fún wákàtí mẹ́rin, mẹ́fà, títí dé mẹ́rìnlélógún. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kì í yé béèrè pé kí ni káwọn kọ́kọ́ náwó lé. Èsì wa kò tíì yí padà: ẹ má tíì náwó lé eré sísá. Ohun tí kò ní jẹ́ kí kàátì dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ẹ ṣírò ó wò. Ká ní ìyípo kan yí pápá ká ń gba ìṣẹ́jú kan. Wákàtí mẹ́fà á jẹ́ nǹkan bí ìyípo 360. Ikọ̀ tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.2 yá ju ẹlòmíì lọ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan á jèrè ìṣẹ́jú-àáyá 72. Owó kékeré kọ́ ló ń ra 0.2 yẹn o. Ṣùgbọ́n ikọ̀ tó wọ pit (ibi tí kàátì ti ń yà láti pààrọ̀ awakọ̀, rọ epo tàbí tún nǹkan ṣe) lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 ṣòfò nígbà kọ̀ọ̀kan torí pé ẹni tó kàn ò tíì de akoto rẹ̀, ti pàdánù 75. Ìyípo kan ló lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sóhun tó bà jẹ́ lára kàátì.

Kàátì tá a ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Prokart. Ẹ́ńjìnì Honda GX160 méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, 163 cc lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú ní kulọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń yí ásù ẹ̀yìn kan náà ni, ìyẹn ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ tó ń fa omi tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré rí, ì báà jẹ́ ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, ti mọ ẹ́ńjìnì yìí dunjú. Òun náà gan-an ni, kò sí awo kankan nínú rẹ̀.

Ṣéènì ló ń dá kàátì dúró jù. Ṣéènì 219 ni à ń lò. Àárín píìnì kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 7.775, nítorí náà kò lè bá sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń gùn) ti ṣéènì 35 lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé wọ́n jọra. Ẹ fi ìka mi ṣéènì náà láàárín: kó máa lọ sókè sódò ní nǹkan bíi mílímítà 10 sí 15. Bó bá le jù, á gbóná, á máa fa bíárìn ẹ́ńjìnì, kò sì ní pẹ́ tí ọ́ìlì á fi máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfù. Bó bá dẹ̀ jù, ọjọ́ tí awakọ̀ bá gun etí pápá ló máa fò kúrò lójú eyín. Ohun tó sì ń mú un dẹ̀ kì í sábà jẹ́ ṣéènì fúnra rẹ̀. Bóòtù tó de ẹ́ńjìnì mọ́ férémù ni: ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, férémù ń gbọ̀n, bóòtù á tú díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì sún. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, tí gbogbo rẹ̀ ti gbóná, ẹ tún àwọn bóòtù náà fún, kí ẹ wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí bóòtù dé ara férémù. Bí ìlà yẹn bá ti yà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó á rí i láìfọwọ́ kan sípánà.

Ṣéènì tuntun máa ń nà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ lò ó nígbà ìdánrawò, ẹ tún un fún, kí ó tó dé orí ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún gbé rúlà onírin lé ojú sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, wọn ò dọ́gba, ṣéènì á sì máa jẹ eyín wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ṣéènì ẹ̀gbẹ́ kan bá fò lójú eré, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì lè gbé kàátì dé pit. Awakọ̀ á mọ̀: ohùn á yàtọ̀, agbára á sì lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́. Kó wọlé ní ìyípo yẹn gan-an, torí ṣéènì tó ti fò lè lọ́ mọ́ ásù, ìyẹn á sì kúrò ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

Okùn tó ń fa epo ló tẹ̀ lé e, ìyẹn wáyà tó ti ẹsẹ̀ dé kábúrétọ̀. Méjì ni wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ ṣí. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ ohun tó bo ẹnu kábúrétọ̀, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà délẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì ń wo inú. Bí ọ̀kan bá ṣí tán tí èkejì ṣì dábùú, ẹ́ńjìnì kan àti àbọ̀ lẹ fi ń sá eré. Ibi orí wáyà, níbi tó ti wọ ara pẹ́dà, ló ti máa ń já. Irun rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí tó fi ń já ni pé kò sí ohun tó ń dá pẹ́dà dúró, wáyà ló ń gba gbogbo agbára ẹsẹ̀. Bóòtù kan tó máa dá pẹ́dà dúró kété tí kábúrétọ̀ bá ti ṣí tán kò ju owó súyà lọ. Ẹ ti gé wáyà àfirọ́pò méjì sí ìwọ̀n wọn láti ilé, ẹ fi orúkọ ẹ̀gbẹ́ tí kálukú wọn wà sí i.

Kulọ́ọ̀ṣì kì í kú fúnra rẹ̀, awakọ̀ ló ń pa á. Ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ bíréèkì nínú kàátì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń fún un lépo. Ẹni tó bá ń tẹ méjèèjì pọ̀, kulọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ìlù rẹ̀ (irin róbótó tó bò ó) á gbóná títí á fi di aláwọ̀ búlúù, òórùn jíjóná á sì gba gbogbo pit. Ẹ fi ẹ̀kán ọ́ìlì kan sí búùṣì abẹ́ ìlù náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán kan ni a wí o. Bó bá pọ̀, á dé ara bàtà kulọ́ọ̀ṣì (apá tó ń di inú ìlù náà mú), yóò sì tún máa yọ̀. Bákan náà ni ọ́ìlì tí wọ́n fọ́n sí ṣéènì láìfi ìwé tàbí àkísà bo kulọ́ọ̀ṣì.

Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kì í ni èèyàn lára. Nǹkan bíi lítà 0.6 ọ́ìlì 10W-30 ló ń gbà. Àwọn kan máa ń rọ ọ́ kún sí i kó má bàa gbẹ. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á gba ihò èémí dé kábúrétọ̀, èéfín á yọ, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Púlọ́ọ̀gì BPR6ES, àlàfo ẹnu rẹ̀ 0.7 sí 0.8 mílímítà. Àlàfo fáàfù, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù: mílímítà 0.15 ní ìwọlé, 0.20 ní ìjáde. Àrùn kan wà tó máa ń da orí ikọ̀ tuntun rú: ẹ́ńjìnì á kú nínú kọ́nà gígùn, á tún jí lójú ọ̀nà tó tọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fọ kábúrétọ̀ títí. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà ìkìlọ̀ ọ́ìlì. Honda fi ohun kan sínú àwọn ẹ́ńjìnì kan tó máa ń pa wọ́n bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Nínú kọ́nà, ọ́ìlì á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ náà á rò pé ó ti tán. Nínú kàátì, wọ́n máa ń yọ wáyà yẹn ni, ẹ wá máa fi ọ̀pá wọn ọ́ìlì fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ epo. Táǹkì GX160 ń gba lítà 3.1, Honda ní ó ń jẹ lítà 1.4 ní wákàtí kan bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ eré ìje ga jùyẹn lọ. Ẹ má fọkàn tán ìwé. Ẹ rọ ọ́ kún, ẹ wà á ní ìdajì wákàtí ní eré ìdíje, kí ẹ fi ìkòkò oníwọ̀n rọ ọ́ kún padà. Iye tó gbà, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Ẹ tún un ṣe fún ẹ́ńjìnì kejì, torí wọn kì í sábà jẹun dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá ń rọ epo, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí awakọ̀ dìde kúrò nínú kàátì, kí ẹnì kan sì di ẹ̀rọ paná mú ní ọwọ́, kó má gbé e sílẹ̀.

Táyà iwájú 10x4.50-5, tẹ̀yìn 11x7.10-5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 14 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) nígbà tó tutù, ẹ máa fi 1 psi yí i, kí ẹ kọ iye tó jẹ́ nígbà tó gbóná sílẹ̀. Kàátì ò ní gíà ìyàtọ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan lè yára ju èkejì lọ nínú kọ́nà) lára ásù ẹ̀yìn, nítorí náà táyà ẹ̀yìn ti inú kọ́nà gbọ́dọ̀ gbéra díẹ̀ kí kàátì tó lè yí. Bí kò bá gbéra, iwájú á máa ta lọ tààrà. Nínú òjò, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú méjèèjì jìnnà síra sí i, kí ti ẹ̀yìn sì sún mọ́ra. Bíréèkì wà lẹ́yìn nìkan: awakọ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti ń yí sítíárìn á yí po. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 àti èyí tí wọ́n fi ọ́ìlì míńírà ṣe ò gbọdọ̀ pàdé láé; rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á di mọ́ra.

Ní ti ara èèyàn, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rà lẹ́yìn akoto ni aṣọ ààbò egungun ìhà. Síìtì kàátì le bí òkúta, ìhà sì ni í kọ́kọ́ dun ẹni tuntun, kódà ṣáájú apá. Akoto tó ní àmì ààbò Snell K2020 ni a ṣe fún kàátì. Èémí máa ń bo gíláàsì ojú rẹ̀ bí ìkùukùu nínú òtútù. Ẹ ra èyí tí èémí kì í bò. Síìtì ẹni tó tóbi jù lára yín ni kí ẹ dè, kí ẹni kékeré ní fóòmù tirẹ̀ tó máa gbé wọlé tó sì máa gbé jáde. Òjé tí wọ́n fi ń dọ́gba ìwúwo náà bẹ́ẹ̀: ẹ dè é sínú fóòmù yẹn, kó má di pé ẹ ń wá sípánà nínú pit.

Sáà ìwakọ̀ ńkọ́? Nínú wákàtí mẹ́fà, sáà mẹ́fà ti ọgọ́ta ìṣẹ́jú gba ìwọlé márùn-ún. Sáà mẹ́jọ ti ìṣẹ́jú 45 gba méje. Bí ìwọlé kan bá ń jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 40, méjì tó lé yẹn jẹ́ 80. Bí awakọ̀ tó ti rẹ̀ bá ń fi 0.5 falẹ̀ ní ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn sáà rẹ̀, 7.5 ni; ìlọ́po mẹ́fà, 45. Sáà ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló sàn jù, àfi bí táǹkì yín ò bá lè gbé e tàbí bí òfin ìdíje bá ní òmíràn. Ẹ ka òfin yẹn dáadáa. Ibòmíì ní iye ìṣẹ́jú tí ó kéré jù tí kàátì gbọ́dọ̀ lò nínú pit. Níbẹ̀, ẹni tó yára jù ló ń jìyà.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ awakọ̀ rèé. Ìyípo mẹ́ta ṣáájú, ẹ gbé pátákó jáde. Awakọ̀ á nawọ́ láti fi hàn pé òun rí i. Ẹni tó kàn ti de akoto, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó dúró lápá òsì, fóòmù rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Ẹni tó ń bọ̀ á gba apá ọ̀tún jáde, kí wọ́n má bàa forí gbárí. Ẹ tọ́ka sí apá tí gbogbo yín yóò máa gbà títí ìdíje á fi parí, torí ẹ́ńjìnì tó gbóná ń bẹ lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá kánjú gbé ẹsẹ̀ lé e, á jó o. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó jáde gbọ́dọ̀ sọ kò ju mẹ́ta lọ: bíréèkì, táyà, ibi tí pápá ti ń yọ̀. Ìtàn tó kù, kó lọ sọ ọ́ nídìí tíì.

Ẹni tí owó kàátì bá wọ̀ lọ́rùn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ìháyà. Sodi World Series, ìdíje àgbáyé fún kàátì ìháyà, ní ẹ̀ka ọlọ́pọ̀ wákàtí, kàátì pápá sì ni ẹ ó wà, ẹ ò ní í fọwọ́ kan ṣéènì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kàátì kan lè dára ju òmíràn lọ, níbòmíì sì rèé, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín nígbà gbogbo tí ẹ bá wọ pit. Ẹ má fi ìyípo méjì pinnu pé kàátì burú. Ẹ jẹ́ kí táyà gbóná ná. Àṣà asíá, ìṣirò sáà àti ìpààrọ̀ awakọ̀ tí ẹ ó kọ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Prokart. Asíá búlúù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ẹni tó yára jù yín lọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ di ọ̀nà yín mú, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn gáréèjì fún ọdún, ẹ fa epo inú kábúrétọ̀ gbẹ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo E10 ti di epo ojoojúmọ́ nílé epo Gẹ̀ẹ́sì, ọtí tó wà nínú rẹ̀ sì ń fa omi mọ́ra. Bó bá sùn síbẹ̀ di oṣù kẹta, ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tóńtó tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, á dí. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì nísinsìnyí, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wà á, kí ìdọ̀tí má bàa sùn nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ tú ṣéènì, ẹ fi í sínú ọ́ìlì. Ní oṣù kìn-ín-ní, ẹ gbé kàátì lé ilẹ̀ gáréèjì láìtan ẹ́ńjìnì, kí awakọ̀ mẹ́rin wọ aṣọ wọn pé, kí ẹnì kan di aago mú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ara yín títí àkókò náà á fi dúró sí ojú kan fún gbogbo yín.